Bí Mo Ṣe Múra Lọ́ńdọ̀nù Tí Mo Gbàgbé Ọwọ́ Mi

Ládàánì mọ́ṣáláṣí wa ní Òkè-Ṣopẹn kò tíì pe ìrun Àsùbáà tí mo ti wẹ̀, tí mo ti wọṣọ, tí mo sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ mú lọ wo eré ìdárayá. Bẹ́ẹ̀, Èkó lásán ni mo ń lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́ńdọ̀nù gan-an ṣì wà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìkẹjà ni yóò kọ́kọ́ dé, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ojú ènìyàn, tí wọ́n sì ń gba àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọn yóò fún un ní físà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti wọ ìlú wọn. Nítorí náà, lójú tèmi, ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé tíì tí mo pò, mi ò rántí mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń gbé mi lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Rọ́díyà lorúkọ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Ó pẹ́ débi pé àwọn ará ilé wa kì í béèrè mọ́, wọ́n á kàn dín ohùn kù, wọ́n á ṣàdúà fún mi, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Ní báyìí Ọlọ́run ti ṣe é. Oyún ti wọ oṣù keje, ara Rọ́díyà sì le. Ohun tó bẹ̀ mí fún kò ju ọ̀kan lọ: kí n wá wẹ ọmọ náà fún òun, bí ìyá mi ṣe wẹ òun náà. Nílé wa, ìyá ìyá ló ń fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ tuntun, òun ló ń na apá àti itan rẹ̀, òun ló ń jù ú sókè fẹ́ẹ́rẹ́ kí àyà má máa já a. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ìlú òyìnbó máa ń wá wo ọmọ nílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì á wo ọmọ, á kọ̀wé, á lọ. Tí físà mi bá pẹ́, kò sẹ́ni tí yóò wẹ ọmọ náà bí a ṣe ń wẹ ọmọ wa.

Mo múra. Kò sí ẹni tó múra bí mo ṣe múra. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, jógíráfì sì ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ya odò Tẹ́mùsì sójú pátákó fún àwọn ọmọ tí kò rí odò tó ju Ọ̀ṣun lọ, èmi náà tí mo ń yà á kò sì rí i rí. Nígbà tí Rọ́díyà wá ní òun fẹ́ kí n máa bọ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ní kí n wọ inú pátákó yẹn lọ. Mo ní kó fi àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Túùbù. Mo kọ́ ọ sórí. Mo mọ ibi tí ìlà pupa ti pàdé ìlà dúdú, mo sì mọ ibùdó tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ fún ilé ọmọ mi.

Mo lọ sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ra kóòtù òtútù kan láàárín òkìríkà, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lẹ́yìn tí èmi àti ẹni tó ń tà á ti ná an títí ẹnu fi rẹ̀ wá. Kóòtù náà wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Mo ronú pé bí mi ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ rìn, yóò bì mí ṣubú lójú pópó ìlú onílùú. Ni mo bá wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan, mo fi ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Sàdíá bá mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, abẹ́ àtíbàbà kan náà ni a sì ti jọ ń yan gàrí látìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì. Ó bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí. Mo ní mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó ní kí n máa kọ́ ọ lọ, pé bí mo bá dákú sínú rẹ̀, òun á sọ fún àwọn ènìyàn pé òtútù ló mú mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gàrí. Rọ́díyà sọ lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé ẹnu òun ń fẹ́ gàrí tí màámi òun bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ìyá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò Ìkẹjà yìí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Èmi ni mo bó ẹ̀gẹ́, èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni mo dì í sápò lẹ́yìn tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán. Nígbà tó kan dáadáa, èmi ni mo fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, tí mo sì jókòó ti agbada gbígbóná tí mo ń rò ó títí ó fi gbẹ. Ọ̀bẹ ha mí lọ́wọ́ níbi púpọ̀, omi ẹ̀gẹ́ wọ ojú ibẹ̀, ó ń ta mí. Ìyá Sàdíá ní kí n jẹ́ kí àwọn bá mi bó díẹ̀. Mo ní gàrí ọmọ mi ni, kì í ṣe ti ọjà. Ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀ pé ọmọ ọba ló fẹ́ jẹ ẹ́. Gàrí náà sì dára, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà. Ó kan, ó gbẹ, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Mo dì í, mo so ó, mo gbé e sórí àpótí nínú yàrá mi kó máa dúró de bàálù.

Wásíù ló gbé wa lọ. Ọmọ àdúgbò wa ni, Síẹ́nà ló ń wà, ó máa ń kó èrò lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀, á sì kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ló ń gbà fún àlọ nìkan, ó sì ní nítorí pé èmi ni mo kọ́ òun ní ABD, iwájú ni kí n jókòó. Ó rí kóòtù lọ́wọ́ mi, ó bi mí kí ni kóòtù ń wá l'Ékòó. Mo dá a lóhùn pé wọ́n sọ fún mi pé ọ́fíìsì tí à ń lọ yẹn tutù bí ìlú òyìnbó.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó sí Òrù ò ṣe é sùn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tòògbé, kòtò á jí i. Ní Òrù, níbi tí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè ti yà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì wọlé sẹ́yìn, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi bí àyè ọkọ̀ ṣe gbà wọ́n mọ. Kí a tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ọkọ̀ ti mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń lọ. Ta ló sọ fún wọn? Èmi ni. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bi mí bóyá ẹ̀rù bàálù ò bà mí. Mo ní èmi tí mo ti gun ọ̀kadà láti Òkè-Ṣopẹn dé Àgọ́-Ìwòyè nínú òjò, ẹ̀rù wo ló tún kù?

Ilẹ̀ mọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù. Mo ṣí kúlà tí mo gbé dání. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo sè sínú rẹ̀, ó ṣì ń gbóná, ẹja gbígbẹ pọ̀ nínú rẹ̀. Mo bù fún Wásíù nígbà tó dúró ra epo, mo bù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn tí kò bá wa sọ̀rọ̀ látàárọ̀ náà gba tirẹ̀. Mo ń ronú pé bóyá ni wọ́n máa ń jẹun báyìí nínú Túùbù. Rọ́díyà ti sọ fún mi pé níbẹ̀, ẹni tó bá jókòó tì ọ́ kì í wò ọ́ lójú, kò sì ní kí ọ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Mo ti pinnu pé èmi á máa kí wọn.

Nígbà tí a dé Ìkẹjà, oòrùn ti mú. Mo kó fóònù àti àpò mi fún Wásíù nítorí wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé wọn wọlé, mo gbé kóòtù mi wọ̀, mo wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ni àwọn ènìyàn tò sí lórí àga, ojú gbogbo wọn le. Nílé wa, ẹni tó bá wọlé bá èèyàn yóò kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á sún fún un. Mo ní, ẹ kú ìjókòó o. Ọkùnrin kan ṣoṣo dáhùn, òun náà sì yára wo bàtà rẹ̀. Mo bá jókòó. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù wọn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára àwọn tí kò dá mi lóhùn. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi gèlè bo apá. Èmi wà nínú kóòtù mi bí ẹyin lábẹ́ adìẹ. Inú mi dùn gan-an, mo ní ẹ ò rí i pé mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Wọ́n pe nọ́ńbà mi. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí ẹ̀rọ, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì lọ́yàyà. Ó ya àwòrán ojú mi, ìyẹn ò ní wàhálà. Ó wá ní kí n gbé ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì sórí gíláàsì kékeré kan tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Báyómẹ́tíríìkì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n fẹ́ mọ ọ́ láti ara àmì tí Ọlọ́run fi sí ọ lára, kí ẹlòmíràn má baà jẹ́ orúkọ mọ́ ọ lára. Ọwọ́ òsì kọjá lẹ́yìn ìgbà mélòó kan. Ó ku ọwọ́ ọ̀tún. Mo gbé e lé e, iná pupa tàn. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Pupa. Ó fún mi ní bébà rírọ̀ tó lómi, mo fi nu ìka, mo tún gbé e lé e. Pupa náà ni. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán tó ń jáde lójú ẹ̀rọ funfun báláú, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀.

Ó bi mí pé, “Mọ́mì, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

Mo ní, “Tíṣà ni mí.”

Ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó wò ó. “Ṣọ́ọ̀kì ò lè ṣe èyí, mà.”

 Mo wá sọ fún un pé mo ń yan gàrí, àti pé gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fi yan ti ọmọ mi. Bí ara mi ò ṣe balẹ̀ mọ́, Ìjẹ̀bú ti gba ẹnu mi, “ulé” ni mò ń pe ilé. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé àwọn bíríkìlà àti àwọn alágbàfọ̀ náà máa ń ní irú rẹ̀. Pé bí mo ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ tí omi rẹ̀ tó kan ń jẹ mí lọ́wọ́, tí agbada sì ń gbóná mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìka mi ń dán, títí ìlà ara rẹ̀ fi wọlẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ mìíràn. Ọmọbìnrin náà dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ìlà náà á padà hù bí mo bá fún ọwọ́ ní ìsinmi, kí n máa fi òrí pa á, kí n má fọṣọ, kí n má sì fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ rárá.

Mo jáde síta nínú oòrùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, mi ò tiẹ̀ rántí bọ́ ọ.  Mo ti kọ́ ẹsẹ̀ mi bí yóò ṣe rìn ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ti wá ohun tí yóò bo ọrùn àti àyà mi, mo ti mọ ibi tí màá ti wọ ọkọ̀ àti ibi tí màá ti sọ̀. Ọwọ́ tí mo fẹ́ fi wẹ ọmọ gan-an ni mo gbàgbé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní físà náà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jáde. Bí ọwọ́ mi bá gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ṣì lè bá ìbímọ. Bó bá tún kọ̀, ọmọ á ti dé kí n tó dé.

Wásíù rí ojú mi, ó pa rédíò. A ti kọjá Mówè kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún un.  Ó wá ní, “Ẹ má bínú o, tíṣà. Àwọn olè á san owó ńlá fún irú ọwọ́ yín.” Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà já. Ní Ṣágámù ó ra búrẹ́dì gbígbóná fún mi, ó kọ̀ kò gba owó rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ títí dé Òrù, mo ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún pa ojú ìka yòókù wò bóyá nǹkan kan ti ń hù. Ó ń yọ̀ bí abọ́ tánganran.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé Òkè-Ṣopẹn. Abẹ́ àtíbàbà wa ni mo kọ́kọ́ yà sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, Ìyá Sàdíá wà láàárín wọn. Bí mo ṣe ń ròyìn fún wọn, mo jókòó sórí àpótí mi, mo sì na ọwọ́ mú ọ̀bẹ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo mú un. Ìyá Sàdíá gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ mi. Ó mú àtẹ́lẹwọ́ mi tí ọ̀bẹ ti ha, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì ranjú mọ́ mi.

“Ìyá Rọ́díyà, èyí lo fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun? Ajọ̀ ni o. Wàá ha ọmọ ọlọ́mọ lára.”

Gbogbo abẹ́ àtíbàbà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó wá sọ̀rọ̀ láìṣeré mọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ò gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ mi lára ẹ̀gẹ́, àwọn á máa bó ìpín tèmi mọ́ tiwọn, àwọn á sì máa yan án. Ó ní Sàdíá ọmọ òun á máa wá fọ aṣọ àti abọ́ mi. Mo fẹ́ jà. Èmi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kan gàrí ọmọ mi, mo wá fa àpótí mi sẹ́yìn kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Mo gbà. Òótọ́ tí ìrìn àjò ọjọ́ yẹn fi hàn mí ni pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹlòmíràn ranni lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń lọ yẹn, nítorí kí n lè ran ọmọ mi lọ́wọ́ ni.

Mo délé, mo tan fóònù. Rọ́díyà ti pè láìmọye ìgbà. Mo pè é padà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé gàrí ló fà á, pé mo fẹ́ kó jẹ èyí tó dára ni. 

Ó ní, “Màámi, gàrí Ìjẹ̀bú kún ṣọ́ọ̀bù níbí, mo máa ń rà á. Ọwọ́ yín ni mi ò rí rà.”

 Lẹ́yìn tó dágbére, mo ṣí ìgò òrí, mo bu díẹ̀, mo rọra pa á sí ìka kọ̀ọ̀kan, títí kan àárín wọn. Gàrí ṣì wà lórí àpótí. Kóòtù wà lára ìṣó. Ọ̀la, àwọn yòókù á lọ sábẹ́ àtíbàbà láìsí mi, èmi á sì jókòó sílé, màá gbé ọwọ́ lé itan, màá jẹ́ kó múra ìrìn àjò.